Ọkọ́, Ọkọ̀

Tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ọmọ mẹ́tàlélógún,
ní kíláàsì wa ní Odìnjó, níbi tí páànù ti dípẹtà.
Sóólà orí òrùlé ń ṣiṣẹ́
bí òjò ò bá ṣú.

Títílọpẹ́ ò gbọ́ràn
(etí ni mo ń wí o, ìwà rẹ̀ dára).
Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ tó ń sọ̀rọ̀ nínú gíláàsì,
ó ń fọwọ́ dá a lóhùn lábẹ́ tábìlì,
bí ẹni ń ka owó tí kò fẹ́ kí wọ́n rí.

Múfútáù ò sọ̀rọ̀ rí.
Ọdún méje, ẹkún nìkan.
Lọ́jọ́ náà ó tẹ àwòrán ọkọ̀,
ẹ̀rọ fèsì: “Ọkọ́.”
Ẹ̀rín ta. Ta ló fẹ́ roko láago kan ọ̀sán?
Ó mirí. Ó tún un tẹ̀. “Ọkọ́.”
Ó wá wò mí
bí ẹni tí wọ́n fún ní ṣéńjì tí kò pé.

Mo ránṣẹ́ sí ìyá ìyá rẹ̀ ní Bódè.
Ìyá Ràbíátù jókòó, ó tún gèlè wé
bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò,
ó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ:
Omi. Ilé. Ó ń dùn mí. Ọkọ̀.
Lórí “ọkọ̀” ni ó ti húkọ́,
ikọ́ náà sì bá ọ̀rọ̀ wọlé.
Mo fẹ́ gé e kúrò.
Múfútáù di ọwọ́ mi mú.

Báyìí, kí wọ́n tó lu agogo ìparí,
a ó gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn:
Ọkọ̀. Họ̀, họ̀.
A ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́.