Òwú Etí

Kò sí yẹtí nílé. Owó yẹtí gan-an kò sí.
Ní Ẹ̀fọ̀n, ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí mi,
Ọ̀ṣúnyẹmí, ìyá tó bí bàbá mi,
fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu etí mi méjèèjì,
ó fa òwú dúdú gba ibẹ̀ kọjá,
ó ta kókó sí i, ó fi àdín pa á.
Ó ní, "Kó wà níbẹ̀,
kí ihò má baà gbàgbé pé ihò lòun."

Ní kíláàsì kẹta
Tíṣà Bámiṣilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó:
ìrántí.
Mo kà á bí a ṣe ń pè é nílé: ùrántí.
Ó ní ẹnu oko ni.
Pàṣán méjì, àtẹ́lẹwọ́ òsì.

Mo sunkún gba ẹ̀gbẹ́ òkè délé,
ìkùukùu ṣì jókòó sórí páànù.
Ẹ̀gúsí ló ń bó. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.
"Jẹ́ kí tíṣà mú orí ọ̀rọ̀ náà lọ.
Ùdí rẹ̀ ni kí o dì mú.
Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Etí.
Kí ló ṣáájú etí? Rán.
Yẹtí ló yẹ etí, ọmọ mi,
òwú ló rán an.
Ta ló rán tìrẹ?"

Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ní kì í ṣe rán aṣọ,
rán iṣẹ́ ni:
pé àná a máa ránṣẹ́ sétí ẹni.
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò bá wọn jà.
Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ wo ni kì í dúró gba èsì?

Ọdún tó lò kẹ́yìn,
bí mo bá fún un ní orúkọ mi, a gbà;
kí omi ẹ̀kọ tó hó, ó ti gbé.
Bóyá ibẹ̀ ni gbàgbé ti wá.
N kò rójú bi í.
Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò ṣìnà:
a fi ìka méjì wá ìsàlẹ̀ etí mi
títí yóò fi kan ihò.
"Èmi ni mo lu èyí," a sì rẹ́rìn-ín
sí àlejò tó jókòó tì í.

Etí òsì ti dí báyìí.

Nọ́ọ̀sì kan l'Adó fi ìbọn lu etí ọmọ mi,
pàú, pàú, ó parí, góòlù ń dán.
Ọmọ sùn.
Agogo mẹ́jìlá òru,
mò ń tú àpótí wò lábẹ́ iná fóònù,
mò ń wá òwú dúdú.