Ẹsẹ̀ Kan Tó Wọ́

Ní Tartu, yìnyín bo ojú fèrèsé.
Maarika tú kọ̀ǹpútà bàbá àgbà rẹ̀ palẹ̀
lórí tábìlì ìjẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì dúdú.
Síkírù mọ́kànlá ló tú;
mẹ́wàá péré ló bá nínú àwo.
"Ohun tó sọnù sínú ilé, inú ilé ló wà."

Ó gbé ọpọlọ ẹ̀rọ sókè, ó yọ̀ bọ́.
Nínú ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ tín-ín-rín, ọ̀kan wọ́.

Endel kò bínú.
Ó mú abẹ́rẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń rán ìbọ̀sẹ̀ kó tó kú,
ó séèémí,
ó ń nà án díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ń sùn.

Wọ́n tàn án. Iná dé. Fáànù ń yí.
Nǹkan kan ń ró wọrọwọrọ nínú ikùn rẹ̀:
síkírù kọkànlá.