Mo Lóṣòó ní Ìṣọ̀kún

Bàálù mi ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá.
Èmi náà wà nílẹ̀, ní Iléṣà,
lójúde bàbá àgbà ní Ìṣọ̀kún,
níbi tí páànù ti dípẹtà, tí òjò ń bá a wíjọ́.
Fóònù ò dákẹ́.
Máníjà ni. Ohùn rẹ̀ dùn bí àádùn:
"Kápútẹ́nì, ọmọ ilé ni ọ́.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀, ẹ tọwọ́ bọ tiyín,
a ó fi ìdámẹ́rin lé owó oṣù yín.
Àwọn tá a rà mọ́ ilé-iṣẹ́,
ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á máa bọ̀ lẹ́yìn."

Àwọn tá a rà.
Bí ẹní ra iṣu.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn, Ebiere lorúkọ rẹ̀.
Ogún ọdún ló fi fò kí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó wó sínú tiwa.
Lọ́jọ́ tá a dàpọ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀
sísàlẹ̀ ọmọ tó gbàwé ẹ̀rí lánàá,
torí ọmọ tí ìyàwó bá nílé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni.
Òfin agboolé nìyẹn. Òfurufú ò mọ̀ ọ́n.
Lóru ọjọ́ kan lókè Jọ́ọ̀sì, kùrukùru bo gíláàsì,
ọwọ́ mi gbọ̀n, tirẹ̀ ò gbọ̀n.
Ta wá ni àgbà nínú àwa méjèèjì?

N ò ní purọ́, ìdámẹ́rin yẹn wọ̀ mí lójú.
Owó ilé-ìwé ń bẹ nílẹ̀, òrùlé yìí sì ń jò.
Mo ti mú bírò.

Àfi bí ojú mi ṣe ṣe kòńgẹ́ òkúta pẹlẹbẹ ẹnu ọ̀nà,
ìjókòó bàbá àgbà.
Òṣómàáló ni wọ́n láyé wọn.
Wọ́n ta aṣọ láwìn dé Ìkàrẹ́, dé Kàbà,
àwọn àti Àgúnbíadé ọ̀rẹ́ wọn.
Ó dọ́dún, wọ́n padà lọ gbowó.
Onígbèsè kan fà wọ́n sí kọ̀rọ̀:
"Fáléyìmú, gba tìrẹ, máa lọ.
Èmi àti ẹnì kejì rẹ á yanjú tiwa tó bá yá."
Wọ́n wo owó náà títí.
Ebi ń pa wọ́n; wọn kì í yọ ìyẹn kúrò nínú ìtàn.
Wọ́n dá a padà,
wọ́n lọ lóṣòó ti Àgúnbíadé lẹ́nu ilẹ̀kùn,
orúnkún mẹ́rin nínú ìrì,
títí ojú fi ti onígbèsè níwájú àna rẹ̀.
"Ẹni tó bá dá gbowó lọ́dún yìí," wọ́n á ní,
"yóò dá sunkún lẹ́ẹ̀mìíì."

Mo pe Ebiere. Ó gbé e kí ó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.
Kò kí mi. "Ṣé o ti fọwọ́ sí i?"
Mo ní, "Mo lóṣòó."
"O ṣe kí ni?"
N ò rí i ṣàlàyé. Mo ní kó kó àwọn tirẹ̀ jọ,
èmi á kó tèmi, ìwé kan ṣoṣo la ó gbé lọ.
Ó dákẹ́ pẹ́. Mo gbọ́ tó fọnmú.

Àkùkọ ti ń kọ lọ́nà Èrèjà.
Ẹsẹ̀ ń kú tì mí, n kì í ṣe ọmọdé mọ́.
Ìwé máníjà wà lórí òkúta,
mo fi bírò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀
kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.
Ìyẹn nìkan ni mo fi bírò ṣe.