Ìṣẹ́jú-Àáyá Mọ́kànlélógójì

Sàmárù, oṣù Ṣẹẹrẹ. Ọyẹ́ ti fi eruku kun fèrèsé.
Ètè mi là, mo ń lá a bí ẹran tó rí iyọ̀.
Mo tẹ bọ́tìnnì, mo ń wo aago.

Ogún ọ̀kẹ́ gbólóhùn ló wà nínú fáìlì náà,
ẹ̀là mẹ́ta péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn:
Ọkà bàbà yìí — ti wá — láti Gíwá.
Ọkà bàbà yìí — ń gbó ní — àádọ́rùn-ún ọjọ́.
Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.
Ẹ̀rọ ní láti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀,
kó mọ èyí tó so mọ́ èyí,
kí Talátù tó lè bi í léèrè
irúgbìn tí ọ̀dá kò ní lè pa.

Ìgbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógójì.
Ìgbà kejì, mẹ́sàn-án.
Kò tíì gbọ́n o. Ó rántí ni;
òkèlè àná ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Dókítà Ndágí, ọmọ Bídà, ní, “Kọ mẹ́sàn-án.
Mẹ́sàn-án ni àwọn tó ń fún wa lówó máa fẹ́.”
Mo ní, ọ̀gá, ẹni tó bá wá láàárọ̀ Mọ́ńdè,
tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, mọ́kànlélógójì ni yóò dúró.
Ó bu obì jẹ. Ó wojú fèrèsé tí kò ṣeé wò.

Mo pa ìrántí ẹ̀rọ rẹ́, mo tún un sá.
Ogójì. Mẹ́tàlélógójì. Mọ́kànlélógójì.
Iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ dé, a tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo:
méjìdínlọ́gọ́ta, nítorí orí ẹ̀rọ ti gbóná.
Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ṣé ooru kì í ṣe ara ilé wa ni?

Lóru ni mo tó rí ibi tí àkókò ń wọlẹ̀ sí.
Kì í ṣe ìwé kíkà ló ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìkíni ni.
Irúgbìn kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ gígùn,
tó ní ilé nínú, àdúgbò, ìlú, orílẹ̀-èdè;
bó bá pàdé rẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún,
a tún dà á kọ látòkè délẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.
Màláàmù Sálláu ẹnu géètì gan-an nìyẹn:
Sannu! Ina kwana? Ina gajiya? Ina sanyi?
Iná ọba lè lọ láti àná,
ina ti Sálláu kì í lọ.

Mo fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní àlàjẹ́ kúkúrú.
Mo pa ìrántí rẹ́. Mo sá a.
Mọ́kànlá, lórí òfìfo inú.
Mo pariwo nínú yàrá tí kò sí ènìyàn.

Àmọ́ gbólóhùn kan wà, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe sí i:
Ọkà bàbà yìí — a gbà á lọ́wọ́ — ẹnì kan.
Kò lórúkọ. Ẹ̀rọ fi nọ́ńbà sí i lọ́rùn, ó kọjá lọ.
Talátù ní ìyá arúgbó kan ni,
inú igbá ló gbé e wá, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà;
àwọn tó gbà á wọ̀n ọ́n, wọn ò bèèrè.
Nínú gbogbo fáìlì, kò sí ìlà tó yá bí ìyẹn.

Ilẹ̀ mọ́. Mo dé géètì, mo tẹ aago fóònù mi nínú àpò.
Sálláu kí mi, kí oorun mi, kí òtútù,
ó kí ìyá mi tó wà ní Ìgànná.
Ìṣẹ́jú-àáyá méjìléláàádọ́ta.
Mo dá gbogbo rẹ̀ lóhùn.