Ìwé Wákàtí

Mùsé Akótónù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìwé yìí wò.
Ìlà mẹ́rìnlélógún. Bírò dúdú ni mo fi kọ ọ́,
nítorí ẹ ní búlúù kì í hàn lójú ẹ̀rọ.
Ọjọ́ Ajé, wákàtí mẹ́ta. Ọjọ́bọ̀, méjì.
Aṣojú àwọn ọmọ fọwọ́ sí i, olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí i,
òǹtẹ̀ ìdí rẹ̀ pupa bí ogbe àkùkọ.
Kí ló tún kù?

Ẹ ní orúkọ mi kò sí nínú ẹ̀rọ.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ni níbí.
Mo mọ fèrèsé tí kì í padé,
mo mọ àga tó ń fa aṣọ ya,
mo mọ ibi tí òjò ń gbà wọ gbọ̀ngàn kejì:
a ó sún àwọn ọmọ sápá òsì, ẹ̀kọ́ á máa lọ.
Ẹ̀rọ yín nìkan ni kò mọ̀ mí.

Ẹ̀kọ́ omi ni mo ń kọ́ wọn, Mùsé,
bí ọ̀sà ṣe ń jẹ bèbè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀
tí ẹni tó ń gbébẹ̀ kò ní fura
títí igi àgbọn yóò fi tẹ̀ sómi bí ẹni fẹ́ bọ́jú.
Mo kó wọn lọ sábẹ́ afárá,
ọmọ mẹ́tàdínlógójì, okùn kan,
àti ọ̀pá tí a fi ọ̀bẹ sàmì sí lára,
torí ilé ẹ̀kọ́ ní kò sówó irinṣẹ́.
Apẹja kan yá wa lọ́kọ̀. Ó kọ owó.
Ó ní bí a bá wọ̀n ọ́n tán, kí n ṣáà sọ fún òun
ọdún tí omi yóò dé ẹnu ọ̀nà òun.
Mo sọ fún un.
Kò bi mí léèrè òǹtẹ̀.

Ìyẹn kò sí nínú ìwé wákàtí.
Òru kò sí níbẹ̀: kíláàsì mẹ́ta, igba ìwé ìdánwò
lórí tábìlì tí a ti jẹun tán,
Bùráímọ̀ ọmọ mi ń ka orúkọ, èmi ń kọ máàkì,
oorun gbé e lọ nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn Sàláù.
Filomẹ́nà ará Ìlárá kò sí níbẹ̀,
tó wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan
pé bàbá òun ní kí òun padà wálé wá ta sìmẹ́ǹtì.
A jókòó lórí àtẹ̀gùn títí iná títì fi tàn.
Ọ̀rọ̀ tí a sọ kò pé mẹ́wàá.
Wákàtí mélòó nìyẹn? Èló ni ní sẹ́fà?

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá àgbà kọ lẹ́tà sí wa:
“Ẹ̀yin ni òpó tó gbé ilé yìí ró.”
Mo fi han onílé mi.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó dára púpọ̀,
ó ní ṣùgbọ́n òpó tòun kì í jẹ òun lówó ilé.

Mi ò bínú sí yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ní ìwé kan
tó lọ sí Kùtọnu tí kò tíì bọ̀.
Mo ti rí bàtà yín lábẹ́ tábìlì,
ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ yín wú.

Bí wọ́n bá bi ìyá mi ní Kétu
léèrè iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe l'Ájàṣẹ́,
a ní, “Ó ń bá ìjọba ka omi.”
Àwọn aládùúgbò á rẹ́rìn-ín:
“Ó ti ká a dé mélòó?”

Ẹ jẹ́ kí ìwé náà wà lọ́dọ̀ yín, Mùsé.
Aago mẹ́jọ ń lù lọ, àwọn ọmọ ti tò sẹ́nu ọ̀nà,
ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà.
Èyí tí ilé ẹ̀kọ́ fún wa ti kán sínú ihò látọjọ́ pípẹ́.
Èmi ni mo lọ gé òmíràn lọ́jà,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ́fà.
Ẹ má wulẹ̀ kọ ìyẹn sílẹ̀.