Àyè Rékíyà

Wọ́n ní áńgẹ́lì ló fi orin yẹn lé bàbá mi lọ́wọ́ lójú àlá.
Irọ́ ni. Bàbá mi kì í lá àlá,
ṣe ló máa ń hanrun títí àkùkọ yóò fi kọ.
Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọ̀ffà ni dùùrù náà ti wá, láti ibùdókọ̀ ojú irin,
lórí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu,
wọ́n so ó mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá.
Kó tó dé Ìsánlú-Ìsìn, eyín mẹ́ta ti kú lẹ́nu rẹ̀.
Lọ́dún kejì, eku bímọ sínú rẹ̀.
Ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Tíṣà Èsékíẹ́lì, bàbá mi,
gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò àgbàdo.
Ìyá mi wò ó títí. Ó ní,
"Ó dáa. Ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ?"

Ìyá Rékíyà ló wà lẹ́yìn ògiri wa.
Ní ìrọ̀lẹ́, òun àti ọmọ rẹ̀ á gúnyán,
ọmọ odó méjì nínú odó kan:
gbì ti ìyá, gbì ti ọmọ,
gbì ti ìyá, gbì ti ọmọ,
wọn ò kọlura rí.
Bí a bá ti gbọ́ ọ, a mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú,
àwa náà á lọ tan fìtílà.

Lọ́dún tí ọyẹ́ la ètè ewúrẹ́ pàápàá,
ibà ọjọ́ mẹ́rin mú Rékíyà lọ.
Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Sálúbàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà,
kò sẹ́ni tó lè gbé e.

Àwọn àfáà wá, àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà wá.
Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́.
Ó ní ẹ ṣé.
Omi ọ̀hún gan-an ni òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ ẹ́.
Kò sunkún.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, a gbọ́ odó.
Gbì.
Àyè.
Gbì.
Àyè.
Ó ń gún un bí ẹni tó ń dúró de èkejì.

Bàbá mi gbé òkèlè sílẹ̀. Ó jókòó ti dùùrù,
ó fi ọwọ́ òsì wá ohùn kan tó nípọn, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́,
ó sì tì í bọ inú àyè náà.
Gbì ti ìyá, dùùrù.
Gbì ti ìyá, dùùrù.
Ọwọ́ ọ̀tún wá ń rìn lókè, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó ru igi ti ọ̀nà Òkè-Onígbìn bọ̀,
ó ń fo àwọn eyín tó ti kú.

Odó dákẹ́.
Ìyá Rékíyà wọlé, iyán ṣì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀.
Mo rò pé èébú ló fẹ́ bú.
"Tíṣà," ó ní, "ó dùn. Ó dùn gan-an.
Ṣùgbọ́n ẹ fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀.
Rékíyà ló ni ín."

Bàbá mi gbé ọwọ́ kúrò.
Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tẹ dùùrù yí àyè náà ká
bí a ṣe ń roko yí ibojì ká.
Obìnrin náà jókòó sórí àpò àgbàdo,
ibẹ̀ ló ti sunkún títí fìtílà fi kú.
Ìyá mi ò sọ nǹkan kan. Ó lọ bá a ko iyán.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Orin náà ti dé rédíò Ìlọrin báyìí.
Wọ́n fi gòjé sí i, wọ́n fi fèrè dí gbogbo ihò ara rẹ̀,
ó ń dán bí páànù tuntun.
N ò bá wọn jà. Wọn ò mọ̀ ni.
Ṣùgbọ́n bó bá ti kù díẹ̀ kí fèrè yẹn wọlé,
mo máa ń yí rédíò sílẹ̀,
ìwọ̀n ìgbà tí ọmọ odó kan yóò fi bọ́ sínú odó,
kí n tó tún un yí sókè.