Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀rọ Fi Ń Jí

Kí ojú ẹ̀rọ tó mọ́lẹ̀, kí àwòrán kankan tó yọ,
ẹnì kan ti bá a sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn.
Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni.
Ó ní, dìde. Ó ní, ọwọ́ rẹ nìyí, iyè rẹ nìyí,
ìlẹ̀kùn tí o ó gbà jáde nìyẹn.
Àwa tí a jókòó níwájú rẹ̀ kì í gbọ́ nǹkan kan.
A rò pé òun fúnra rẹ̀ ló jí.

Vaike kò rò bẹ́ẹ̀.
Ní ìlú Võru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún tó ti dì gbagidi,
ilé ìkàwé onípákó kan wà,
kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá wà nínú rẹ̀.
Òun ló ń tọ́jú wọn, òun náà ló ń koná sí ààrò.
Nísàlẹ̀ páálí kẹsàn-án ló ti rí ìwé pélébé kan,
lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà:
“Ọ̀fẹ́ ni kóòdù ètò tó ń jí ẹ̀rọ yìí.
Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó kọ̀wé sí wa láàárín ọdún mẹ́ta.”
Ó ku oṣù mẹ́rin kí ọdún mẹ́ta pé.

Ó kọ̀wé.
A-bèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà,
àmọ́ wọ́n lè dá a dúró lójú ọ̀nà.
Wọ́n ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ kà á.
Wọ́n ní kó fi rìsíìtì hàn. Ó fi hàn.
Wọ́n ní ọ̀gá tó mọ̀ nípa rẹ̀ wà nínú ìsinmi.
Yìnyín bọ́, yìnyín tún bọ́ lé e, ọ̀gá kò dé.
Nígbà tí wọ́n máa fèsì, kóòdù èṣí ni wọ́n fi ránṣẹ́,
ti ẹ̀rọ mìíràn pátápátá,
bí ẹni tó béèrè àwòrán baba rẹ̀
tí wọ́n wá gbé ti aládùúgbò fún un.

Heldur, tó ń wá ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ nítorí ooru ààrò,
bi í pé: “Ṣé ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ ni?”
“Ó ń ṣiṣẹ́.”
“Kí ló wá ń dùn ọ́?”
Vaike ronú díẹ̀. “Baba, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi
pé nígbà kan, ẹ kì í mọ ẹni tó wà nínú ògiri
tó ń gbọ́ ohun tí ẹ ń bá ìyàwó yín sọ.”
Heldur dákẹ́.
Ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀. Ó ní, “Mú bírò wá.”
Orúkọ mọ́kànlá ló wà lábẹ́ lẹ́tà kejì.

Lọ́jọ́ ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹrin, àpòòwé dé.
Àwo kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kékeré tí a fọwọ́ kọ:
“Gbogbo rẹ̀ nìyí. Ẹ má bínú.”
Kò sí orúkọ.
Mo ṣì máa ń ro ẹni náà, mi ò mọ̀ bóyá ó gbàyè kó tó fi ránṣẹ́.

Vaike fi kóòdù náà kọ́ ètò ọ̀hún láti ìpìlẹ̀.
Ó gbé àmì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì èyí tó wà nínú ẹ̀rọ,
lẹ́tà àti òǹkà, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.
Heldur ń pè é sókè, òun ń fi ìka tẹ̀ lé e.
Ní ogójì, ohùn baba bẹ̀rẹ̀ sí í há.
Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ tán. Ìkankan kò yàtọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó yí ìlà kan ṣoṣo padà.
Ó fi ẹ̀mú kékeré há ṣíìpù náà létí,
jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.
Ó tẹ bọ́tìnì.
Òkùnkùn. Ó ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ.
Ó ju márùn-ún lọ.
Lẹ́yìn náà, lẹ́tà funfun yọ: *Tere hummogust*,
ẹ káàárọ̀, ní èdè ilé,
èdè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ na Heldur ní kíláàsì kejì.

Baba wo fèrèsé. “Alẹ́ mà ti lẹ́.”
“Ẹ̀rọ ló ń jí, Baba, kì í ṣe àwa.”
Ó nu ẹ̀mú náà mọ́ aṣọ rẹ̀.
Ó ku mẹ́tàlá.